Títún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè tí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà máa ń bi mí

Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi wà. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà a máa wá láti Ṣàgámù, láti Ìpẹ̀rù, láti Àgọ́-Ìwòyè, torí gbogbo wọn ló fẹ́ ya Ojúde Ọba, àjọ̀dún Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. Mo ti dáhùn títí ohùn mi fi há, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá jù mí lọ kó má bínú pé "o" ni mò ń lò. Ọmọ iṣẹ́ ni mo fọkàn sí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, tí kámẹ́rà bá ti dára, kí la tún ń tún ṣe lára fọ́tò?

Kámẹ́rà ò ríran bí ojú ni. Dúró níwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ojúde Ọba. Ojú rẹ á rí léèsì funfun lára ìyá kan nínú àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà), á rí ihò ara léèsì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì tún rí ojú ìyá yẹn lábẹ́ òjìji gèlè, lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà ò lè gbé méjèèjì. Bó bá mú léèsì, ojú á ṣú bí ìdí ìkòkò. Bó bá mú ojú, léèsì á di ìdì òwú kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tiwa ni láti dá fọ́tò padà sí ohun tí o fi ojú ara rẹ rí níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní òun kì í tún fọ́tò òun ṣe, kámẹ́rà rẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Bó bá jẹ́ JPEG (irú fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà ti sè tán) lo fi ń yà, kámẹ́rà ti yan àwọ̀, ó ti pinnu bí dúdú ṣe máa dúdú tó, ó sì ti da ìyókù nù kó tó gbé e fún ọ. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ń ya dúdú àti funfun náà, pẹ́ńsùlù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi máa ń tún nẹ́gẹ́tíìfù ṣe kí ojú oníbàárà lè jọ̀lọ̀. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́.

Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Photoshop, Lightroom, àbí ti orí fóònù?

Fóònù. Fi Snapseed sórí fóònù rẹ, ọ̀fẹ́ ni. Láti 2012 ni Google ti ra ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Fi oṣù kan gbáko lò ó, kí o mọ ohun tí "Highlights" (ibi tó mọ́lẹ̀) ń ṣe yàtọ̀ sí "Shadows" (ibi tó ṣú), kí o mọ ìgbà tí àwọ̀ bá ti pọ̀ jù. Ìmọ̀ yẹn ò ní ṣòfò, torí orúkọ kan náà lo máa bá lórí kọ̀ǹpútà.

Bí o bá wá dé orí kọ̀ǹpútà, mọ̀ pé Lightroom àti Photoshop ò ṣe iṣẹ́ kan náà, bí ilé iṣẹ́ Adobe tilẹ̀ ni méjèèjì. Photoshop jáde ní 1990. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé sórí rẹ̀, tí wọ́n á máa gbẹ́ ẹ bí agbẹ́gilére. Lightroom jáde ní 2007 fún ẹni tó lọ sí ìgbéyàwó tó gbé fọ́tò ẹgbẹ̀rin bọ̀, tó sì fẹ́ ṣà wọ́n, kó tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ wọn ṣe kíákíá. Fọtogíráfà òde ayẹyẹ nílò irú ti Lightroom ju irú ti Photoshop lọ, àmọ́ Photoshop lorúkọ rẹ̀ dún, òun ni gbogbo ọmọ sì ń fẹ́ kọ́ ṣáájú. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba ọdún kan lọ́wọ́ mi.

Láti 2013 ni Adobe ti ń sún gbogbo èèyàn sí owó oṣooṣù, dọ́là ni wọ́n sì ń kà á sí. Bí àpò rẹ ò bá gbé e, ọ̀fẹ́ ni darktable fún irú iṣẹ́ Lightroom, ọ̀fẹ́ náà ni GIMP fún irú iṣẹ́ Photoshop. Darktable máa ń dẹ́rù bani lójú àkọ́kọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò lọ. Fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Photopea náà wà, inú bùráúsà tí o fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa ṣí i, ìrísí rẹ̀ jọ Photoshop gan-an, ó sì ń ṣí PSD, irú fáìlì tí Photoshop ń lò.

Ọ̀rẹ́ mi ní òun á bá mi fi Photoshop tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù.

Má gbà. Yàtọ̀ sí pé olè ni, láptọ́ọ̀pù méjì ni mo ti rí tó gba ibẹ̀ kó kòkòrò kọ̀ǹpútà (virus). Ọ̀kan nínú wọn, gbogbo fọ́tò oníbàárà tó wà nínú rẹ̀ ló ti pa. Pẹ̀lú Photopea nílẹ̀, kí lo ń wá lọ síbẹ̀?

Kọ̀ǹpútà mi ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ṣé ó máa gbé e?

Wo RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) kí o tó wo orúkọ ara rẹ̀. 8GB ni Adobe fúnra rẹ̀ kà sí èyí tó kéré jù fún Photoshop, 16GB ló sì ní kí èèyàn ní kí iṣẹ́ tó já gaara. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lo fẹ́ rà, èyí tó ní SSD (irú ibi ìpamọ́ fáìlì tó yá) ni kí o mú, kódà kí àyè rẹ̀ kéré. Ìyára rẹ̀ á ya ọ́ lẹ́nu. Bátìrì tó dúró fún wákàtí mẹ́ta ṣe pàtàkì fún wa níbí ju káàdì fídíò olówó ńlá lọ. Kọ́ ìka rẹ láti máa tẹ Ctrl+S láìrò ó, torí iná kì í dágbére kó tó lọ.

Wọ́n ní kí n máa ya RAW. Kí ni RAW gan-an?

Ohun tí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà rí ni, láìsè, láìdín. JPEG ní ipele ìmọ́lẹ̀ 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW onípele bit 12 ní 4,096, ti bit 14 ní 16,384. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí o bá gbé òjìji sókè nínú JPEG, kò ní pẹ́ tí á fi dàbí ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ń hó, ṣùgbọ́n RAW á ṣì rọ́jú. Àwọ̀ iná náà, o lè yí i padà pátápátá nínú RAW lẹ́yìn tí o ti délé.

Ìyà rẹ̀ ni pé ó ń jẹ àyè. Fọ́tò kan láti inú kámẹ́rà 24 megapixel lè gbà tó 25MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ojúde Ọba kan lè kún káàdì 64GB. Bí káàdì rẹ bá kéré, ya RAW fún ohun tó le (oòrùn ọ̀sán, inú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn), kí o fi JPEG ya ìyókù. Kò sí ẹni tó máa mú ọ.

Mo ti ṣí fọ́tò. Kí ni mo kọ́kọ́ máa fọwọ́ kàn?

Má fọwọ́ kan nǹkan kan ná. Wò ó. Jẹ́ kí a mú fọ́tò kan: ọkùnrin kan láti ìdílé Balógun lórí ẹṣin, ó wọ agbádá funfun, ó dé fìlà, oòrùn wà lókè orí rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn 2024 tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì, irú fọ́tò yìí ni gbogbo ọmọ ń gbé wá fún mi, agbádá ti jó (ó ti funfun títí kò sí ohun tó hàn lára rẹ̀ mọ́), ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ ò hàn.

Kọ́kọ́ tọ́ ọ. Wo òpó ilé tó wà lẹ́yìn. Bó bá tẹ̀, yí fọ́tò náà díẹ̀ títí tí òpó á fi dúró ṣánṣán. Gé etí rẹ̀, kí apá ẹnì kan tó na fóònù sókè lápá òsì bọ́ sí ìta. Má gé ẹsẹ̀ ẹṣin ní oríkèé, kò dára lójú.

Lẹ́yìn náà, àwọ̀ iná, tí wọ́n ń pè ní White Balance. Wá nǹkan kan tó yẹ kó funfun tàbí kó jẹ́ eérú, fi irinṣẹ́ tó dà bí ohun tí dókítà fi ń kán oògùn sójú tẹ̀ ẹ́. Níbi agbádá tó wà nínú òjìji ni kí o tẹ̀, má tẹ ibi tí oòrùn ti jó. Kelvin ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná: ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ń wà ní nǹkan bí 5500 Kelvin, òjìji sì lè tó 7000, ìyẹn ni fọ́tò abẹ́ igi ṣe máa ń di búlúù bí omi aró bí a kò bá tún un ṣe.

Ìgbà yìí la wá kan ìmọ́lẹ̀. Fa Highlights sí òsì, díẹ̀díẹ̀, kí ojú rẹ wà lára agbádá. Ibì kan wà tó jẹ́ pé, bí o ṣe ń fà á, ìṣẹ́po aṣọ á yọ, lẹ́yìn náà iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn rẹ̀ á yọ, òwú funfun lórí aṣọ funfun. Inú mi ṣì máa ń dùn bó bá yọ báyìí. Bí o bá fà á délẹ̀ tí kò yọ, ó ti jó nìyẹn. Kò sí sọ́fíwià tó lè mú ohun tí kámẹ́rà ò gbà wálé. Bí o bá tún ń ya irú rẹ̀, dín Exposure (ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà) kù.

Gbé Shadows sókè fún ojú ọkùnrin náà. Bí o bá gbé e jù, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ṣákiṣàki, bí ìgbà tí wọ́n da gaàrí Ìjẹ̀bú lé e lórí. Sún un padà. Lẹ́yìn èyí, fa Blacks (ibi tó dúdú jù lọ) sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ara ẹṣin lè dúdú dáadáa, kí fọ́tò má bàa ṣe bíi pé kurukuru bò ó. Nínú Lightroom, bí o bá di Alt mú bí o ṣe ń fa Whites (ibi tó funfun jù lọ) tàbí Blacks, á fi ibi tó ti jó tàbí tó ti ṣú pátápátá hàn ọ́.

Fún àwọ̀, Vibrance ni kí o fọwọ́ kàn, fi Saturation sílẹ̀. Vibrance ń gbé àwọ̀ tó rẹlẹ̀ sókè, ó sì ń rọra ṣe pẹ̀lú ara èèyàn. Saturation ń gbé gbogbo àwọ̀ sókè, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Dìde. Lọ mu omi. Bí o bá padà wá, tẹ ìlà dídagẹ̀rẹ̀ \ nínú Lightroom láti rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìgbà, màá rí i pé mo ti ṣe é jù, màá sì dá gbogbo rẹ̀ padà díẹ̀.

Kí ló dé tí ojú àwọn èèyàn mi máa ń rí bí eérú, àbí kó pọ́n bí epo pupa?

Preset, ìyẹn àtúnṣe tí wọ́n ti tò sílẹ̀, tí o rà lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè òkun ni. Ara aláwọ̀ funfun ni ó fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí Kodak ń kó fún àwọn láàbù láti fi wọn àwọ̀, tí wọ́n ń pè ní Shirley, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà nínú rẹ̀, ara dúdú sì máa ń ṣú mọ́ra nínú fíìmù wọn. Ohun tó wà nínú ìtàn ni pé lára àwọn tí ẹjọ́ wọn jẹ́ kí wọ́n tún fíìmù náà ṣe ni àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, torí ohun aláwọ̀ ilẹ̀ ò hàn dáadáa nínú fọ́tò ọjà wọn. Kòkó wa rí ojúrere kí ojú wa tó rí i.

Ohun tí mò ń ṣe: nínú ìpín tí wọ́n ti ń yí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, Orange ni ọ̀pọ̀ ara wa ń bọ́ sí. Mo máa ń gbé Luminance Orange (bí àwọ̀ náà ṣe mọ́lẹ̀ tó) sókè díẹ̀, kí n dín Saturation rẹ̀ kù díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Bí o bá gbé e jù, o ti bó oníbàárà ní ìbóra nìyẹn, bóyá o mọ̀ tàbí o ò mọ̀.

Káńópì náà ń bẹ. Bí wọ́n bá ta káńópì búlúù sórí èrò, gbogbo ojú á di búlúù. Kò sí White Balance kan tó máa wo èyí sàn fún gbogbo fọ́tò náà. Ojú nìkan ni kí o tún ṣe, pẹ̀lú mask, tí mo máa ṣàlàyé báyìí.

Kí ni layer? Kí ni mask? Gbogbo fídíò ló ń pè é, kò sí ẹni tó ń ṣàlàyé.

Layer: fọ́tò rẹ wà nílẹ̀, o tẹ́ náílọ́ọ̀nù mímọ́ lé e, orí náílọ́ọ̀nù lo ti ń kun nǹkan. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o ká náílọ́ọ̀nù kúrò, fọ́tò ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Nínú Photoshop, Ctrl+J ni yóò ṣe ẹ̀dà layer fún ọ.

Mask, ronú sí àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìyá aláró á fi ìyẹ́ kun ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀. Bí mask ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àwọ̀ dúdú tí o fi búrọ́ọ̀ṣì kùn lórí mask ni ẹ̀kọ. Ibi tó bá wà, àtúnṣe rẹ ò ní débẹ̀. Funfun ni ibi tí àtúnṣe ti ń wọlé. Anfààní tiwa ju ti ìyá aláró lọ, torí o lè fi funfun kùn ún padà nígbàkigbà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú kí ojú jọ̀lọ̀?

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ kí n tó dáhùn. Màmá kan ya fọ́tò ọgọ́rin ọdún lọ́dọ̀ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ Healing Brush, búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń pa àbàwọ́n rẹ́, lò nígbà yẹn, ọwọ́ ń yún mi. Mo jókòó tì í di aago méjì òru. Mo pa ìhunjọ ojú rẹ́, mo pa àmì dúdú rẹ́, mo sì pa pélé mẹ́ta tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ́, mo ní ó ń da ojú rú. Mo tẹ̀ ẹ́ sí fíréèmù ńlá. Màmá gbé e sí itan, ó wò ó títí, ó ní, "Ó mà dára o. Ta ni?"

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹkún ni mo sun tí wọ́n fi kọ ọ́ fún mi, ìwọ wá fi ọwọ́ nù ún." Mo tún fọ́tò náà tẹ̀, lówó ara mi.

Láti ìgbà náà, ohun tí kò ní sí lójú oníbàárà mọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, bí rorẹ́ tàbí ojú ibi tó ti gé ara rẹ̀ nígbà tó ń fá irùngbọ̀n, mo máa ń yọ ọ́. Ohun tó máa wà níbẹ̀ títí, mo lè rọ̀ ọ́ lójú, n kì í pa á rẹ́. Bí mo bá tún awọ ara ṣe lórí layer ọ̀tọ̀, mo máa ń dín Opacity layer náà (bó ṣe bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó) kù sí bí ìdajì kí ihò ara lè padà yọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ò ní ihò, ike ni.

Fọ́tò mi dára lórí kọ̀ǹpútà. Láàbù tẹ̀ ẹ́ tán, ó ṣókùnkùn.

Ojú kọ̀ǹpútà rẹ ló mọ́lẹ̀ jù. O gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òkè, o jókòó nínú òkùnkùn lóru, o wá rò pé fọ́tò mọ́lẹ̀ tó. Dín in kù sí bí ìdajì, tan iná yàrá, kí o tẹ ẹyọ kan wò kí o tó tẹ ọgọ́rùn-ún.

Gbé e jáde ní sRGB, irú àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ láàbù àti fóònù ń lò, àfi bí láàbù bá ní òun fẹ́ nǹkan míràn. Fún ìwọ̀n 4 × 6 ìńṣì, 1200 × 1800 pixel ti tó. Fún 8 × 10, 2400 × 3000. Bí oníbàárà bá fẹ́ ẹ lórí WhatsApp, fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, torí bí o bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀.

Ibo ni kí n máa tọ́jú rẹ̀ sí?

Ibi mẹ́ta. Má pa káàdì rẹ́ títí fọ́tò á fi wà níbi méjì míràn, kí ọ̀kan nínú wọn má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dá dúró, hard drive kan ṣoṣo bọ́ lọ́wọ́ mi sórí sìmẹ́ńtì, ìsọmọlórúkọ kan sì bá a lọ pátápátá. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí. Bí mo bá rí ìyá rẹ̀ lọ́jà, ọ̀nà ibòmíràn ni mò ń gbà.

Ó máa gbà mí tó ìgbà wo?

Oṣù mẹ́ta fún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀, bí o bá ń ṣe fọ́tò kan lójúmọ́. Mask àti layer, tó oṣù mẹ́fà. Láti mọ ìgbà tó yẹ kí o gbé ọwọ́ kúrò, èmi ṣì ń kọ́ ọ.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Òde Rẹ́mọ. Fóònù nìkan ni mo ní. Fọ́tò ìgbéyàwó wa ti ń ya, ọkọ mi sì ti dolóògbé. Ǹjẹ́ mo lè tún un ṣe fúnra mi?

Ẹ lè tún un ṣe, Màmá. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fíréèmù bí kò bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Bó bá lẹ̀, ẹ má fà á. Ẹ gbé e sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí oòrùn ò ti ta sí i tààrà, ẹ má tan flash, kí fóònù yín dọ́gba pẹ̀lú fọ́tò náà. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀rọ scanner nítòsí, 600 dpi ni kí wọ́n fi ṣe é. Ẹ fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn pamọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Nínú Snapseed, ẹ wá Healing. Ẹ fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà tóbi, kí ẹ máa fi ìka kan tẹ ibi tó ya, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀yìn wọlé. Ẹ fi ojú Bàbá ṣe ìkẹyìn. Àwọn ọmọ á ní áàpù AI kan wà tó lè ṣe é ní ìṣẹ́jú kan. Ó lè ṣe aṣọ, ó lè ṣe ògiri ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú bá ti ya, kò mọ Bàbá rí, ojú ẹlòmíràn ló máa hun síbẹ̀. Bí ìlà tó ya bá gba ojú wọn kọjá tó sì le fún yín, ẹ gbé e wá fún mi. Ẹ mú fọ́tò wọn míràn dání, kí n lè rí bí imú wọn ṣe rí.